OBÌNRIN KAN, ỌKÙNRIN MÉJÌ, ERÉKÙṢÙ KAN: Fíìmù tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń retí láti ìgbà èwe wọn já wa kulẹ̀!

Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó yáa sọ ọ́ kalẹ̀ ná kó má baà jóná, torí pé ọ̀rọ̀ ọkọ, ìyàwó àti ọ̀rẹ́ ọkọ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sì mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè tán nílẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí wọ́n ń ta aṣọ. Àǹkárá ni o, léèsì ni o, àdìrẹ ni o, kò sí èyí tí wọn ò tà rí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, wọn ò lọ sọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ń ríran, ẹnu wọn náà ò sì kú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti máa ń sọ ìtàn fíìmù kan tí wọn kò wò rí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mo ní tí wọn kò wò rí! Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọ́n rí àwòrán obìnrin òyìnbó kan nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ tí oníṣòwò kan fi di ẹrù fún wọn. Obìnrin náà wà láàárín ọkùnrin méjì létí òkun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayé dùn mọ́. Ẹni tó mọ̀wé ló kà á fún wọn pé fíìmù ni, pé ọkọ̀ ojú omi ló fọ́ tí omi fi gbé àwọn mẹ́ta yìí sí erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé: obìnrin kan, ọkọ rẹ̀, àti ọkùnrin kejì tí ọkàn rẹ̀ fà sí obìnrin náà.

"Báwo ni wọ́n ṣe wá ṣe é?" Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń da gbogbo ayé láàmú nìyẹn. Ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé, wọ́n á bi í. Tíṣà tó bá wá ra aṣọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á bi í. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àwa ọmọ ilé máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo tó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀, n ó sì dé ibẹ̀ kí n tó sọ kálámù sílẹ̀.

Lọ́dún yìí ni mo rí fíìmù náà. Orúkọ rẹ̀ ni The Little Hut, ìyẹn Ahéré Kékeré. Ọdún 1957 ni ilé iṣẹ́ MGM gbé e jáde. Mo ra díìsìkì rẹ̀, mo gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, a sì pe àwọn ará ilé: aránṣọ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, káfíńtà àdúgbò, àti ìyá ẹlẹ́ja tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbé ẹ̀pà àti gúgúrú sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wé gèlè bí ẹni ń lọ òde ìyàwó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n má parọ́ fún yín, a wò ó títí, ṣe ló dà bí ẹni ń jẹ ẹ̀bà láìsí ọbẹ̀.

ATA WÀ, EPO WÀ, ẸJA WÀ

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tó ṣe fíìmù yìí kì í ṣe èèyàn kékeré. Ava Gardner ni wọ́n fi ṣe obìnrin inú rẹ̀. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ tó ń gbin tábà ni àwọn òbí rẹ̀, tálákà pọ́ńbélé sì ni wọ́n. Ẹwà ló gbé e kúrò lóko. Ọkọ mẹ́ta ló fẹ́, gbogbo wọn ló sì gbajúmọ̀: Mickey Rooney tó ń ṣe fíìmù, Artie Shaw tó ń fọn fèrè, àti Frank Sinatra tó ń kọrin. Kò bá èyíkéyìí nínú wọn dalẹ́. Ọdún 1957 náà gan-an tí fíìmù yìí jáde ni òun àti Sinatra kọ ara wọn sílẹ̀ nílé ẹjọ́. Ẹ wá wò ó: obìnrin tí ilé rẹ̀ ń dàrú ni wọ́n ní kó wá ṣe obìnrin tí ilé rẹ̀ ń dàrú, kí ó sì fi í pa wá lẹ́rìn-ín.

Ọkọ inú fíìmù ni Stewart Granger, gìrìpá ọkùnrin arẹwà tó ti ṣe King Solomon's Mines lọ́dún 1950, èyí tí wọ́n wá yà ní ìhà ìlà oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín. Ọ̀rẹ́ ọkọ ni David Niven, onímùsításì tín-ín-rín tó mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ olówó. Niven yìí kan náà ló gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù Separate Tables tó ṣe lọ́dún 1958. Mark Robson tó darí wọn, ọ̀gá ni. Ọdún 1957 yìí náà ló darí Peyton Place, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó tó gba Oscar. Kódà àwọn aṣọ tí Ava Gardner wọ̀, Christian Dior ní Paris ló rán an.

Ata wà, epo wà, ẹja wà, iyọ̀ wà. Ta ló wá ba ọbẹ̀ jẹ́?

BÍ ỌKỌ̀ ṢE FỌ́

Ọkọ tí mo ń wí yìí, Sir Philip Ashlow ni wọ́n pè é nínú fíìmù. Olówó ni, iṣẹ́ sì ti gbé e lọ. Òní, ó ní ìpàdé. Ọ̀la, ó ní ìrìn-àjò. Ìyàwó rẹ̀, Susan, wà nílé bí àga tí wọ́n rà tí wọn ò jókòó lé. Nígbà tó sú obìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Henry, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, jáde kiri, kí ọkọ rẹ̀ lè jowú, kó lè rántí pé òun láya nílé. Kò bá Henry ṣe nǹkan kan o. Ẹ̀tàn lásán ni. Ṣùgbọ́n Henry ní tiẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi afẹ́, ìjì jà, ọkọ̀ fọ́, omi sì gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gúnlẹ̀ sí erékùṣù tí kò sí èèyàn. Philip tí kò rójú rí ìyàwó rẹ̀ nílé, ibẹ̀ náà ló tún ti ríṣẹ́ ṣe! Ó kọ́ ahéré ńlá fún ara rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ó kọ́ kékeré fún Henry. Alaalẹ́ ni tọkọtaya ń wọlé lọ, tí Henry á sì máa dá nìkan lọ sínú ahéré kékeré tirẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, Henry ò lè gbà á mọ́ra. Ó tọ ọkọ lọ. Ó ní ṣebí ohun gbogbo ni àwọn ń pín dọ́gba ní erékùṣù yìí, omi, ẹja, iṣẹ́. Kí ló wá dé tí wọn ò pín ìyàwó?

Hẹ̀n! Ibi tí ìyá ẹlẹ́ja ti pariwo nìyẹn: "Olúwa ò! Ó sọ ọ́ lójú ọkọ!" Káfíńtà gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn tẹjú mọ́ ọn ni.

Èmi náà rò pé ibẹ̀ ni fíìmù ti máa bẹ̀rẹ̀. Àṣé ibẹ̀ ló parí sí. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Wọ́n á jókòó síbí sọ̀rọ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ jókòó sọ́hùn-ún sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà ló dà bíi pé ọ̀rọ̀ fẹ́ dójú ẹ̀. Tó bá ti kù díẹ̀, wọ́n á dá àpárá kan, wọ́n á yí i sẹ́yìn. Kàkà kó dà bí etíkun tí ó ní atẹ́gùn, ṣe ló dà bí inú yàrá tí wọ́n ya òkun sí lára ògiri. Ìdí wà fún un: inú ilé ìyafíìmù Cinecittà, ní ìlú Róòmù, ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀.

WỌ́N YỌ EGUNGUN, WỌ́N TÚN YỌ ẸRAN

Mo lọ wá ìdí rẹ̀ kàn, mo sì rí i. Fíìmù yìí kì í ṣe ìtàn tuntun. Eré orí ìtàgé ni tẹ́lẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ André Roussin ló kọ ọ́, ọdún 1947 ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Paris. Nancy Mitford tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé e dé London lọ́dún 1950. Lálẹ́ ọjọ́ kan dé òmíràn ni àwọn èèyàn ń wọ́ lọ síbẹ̀, ó lé ní ìgbà 1,200 tí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó káṣẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé New York lọ́dún 1953, kò pé oṣù kan tó fi kógbá sílé. Ẹnu gbogbo èèyàn kì í gba oúnjẹ kan náà.

Nínú eré ti Roussin, òótọ́ ni obìnrin náà ń yan ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ lálè. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a bọ̀ kí ọkọ̀ tó fọ́. Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta àlè, ó sì jẹ́wọ́ fún ọkọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkọ sọ: ó ní kò burú! Ó ní kí àwọn máa gbà á fún ara àwọn, bí ìgbà tí èyí bá parí kó kan èkejì.

Ẹ̀yin ìyá wa tó bá orogún gbélé, ẹ̀yin ò nílò àlàyé. Ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni tèmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tìẹ. Ọkùnrin méjì ni wọ́n wá fi sípò ìyáálé àti ìyàwó! Ibi tó sì ti dùn jù ni pé nígbà tí ọkọ gbà láìjà, àlè ló wá ń bínú. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, olè tó ń jà ni. Nígbà tí onínǹkan gbé e fún un lọ́sàn-án gangan, kò dùn mọ́. Ẹni tó bá kọ ìyẹn mọ èèyàn, kò sí àní-àní.

Kí ló wá dé tí kò sí nínú fíìmù? Òfin ni. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ní Hollywood fọwọ́ ara wọn ṣe òfin kan lọ́dún 1930, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un lọ́dún 1934, ọdún 1968 ni wọ́n sì tó pa á tì. Lára ohun tí òfin náà sọ ni pé àgbèrè kò gbọdọ̀ dà bí ohun tó dára lójú ẹni tó ń wòran. Bí F. Hugh Herbert tó kọ ọ̀rọ̀ fíìmù náà ṣe yọ àlè kúrò nínú ìtàn àlè nìyẹn. Susan ò ṣe nǹkan kan. Henry ò rí nǹkan kan gbà. Philip ò pàdánù nǹkan kan. Kí ni wọ́n wá ń jà lé lórí? Wọ́n yọ egungun ẹja kó má baà há wa lọ́fun, wọ́n wá bá a yọ ẹran rẹ̀ náà.

Èmi ò bá wọn jà pé wọ́n ní òfin. Ìlú tí kò bá ní ohun tí a kì í ṣe, kì í ṣe ìlú. Àmọ́ bí ìtàn kò bá ṣeé sọ ní gbangba, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó lè sọ ọ́. Ẹ má fi ìlérí àgbèrè fa èèyàn wọlé sinimá, kí ẹ wá máa fi àwàdà tútù lé e jáde.

ARA OKO TÍ KÌ Í ṢE ARA OKO

Ibì kan wà tó bí mi nínú gidi, mi ò ní fi pa mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tán, wọ́n mú ẹlòmíràn wọlé. Ó dé pẹ̀lú ìmúra àwọn tí òyìnbó ìgbà yẹn ń pè ní ẹhànnà. Ó mú àwọn ọkùnrin méjèèjì, ó dè wọ́n mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ obìnrin náà. Káfíńtà ní, "Èèyàn dúdú tún ti dé láti wá ba nǹkan jẹ́, àbí?"

Àṣé kì í ṣe èèyàn dúdú rárá! Mario ni, kúùkù inú ọkọ̀ wọn tó fọ́, ọmọ Ítálì. Walter Chiari, òṣèré ọmọ Ítálì, ló ṣe é. Ó kàn múra bẹ́ẹ̀ láti fi dẹ́rù bà wọ́n ni. Àwàdà tí wọ́n ní ká rẹ́rìn-ín sí nìyẹn.

Mo rò ó títí. Ìtàn ẹni tí omi gbé sí erékùṣù ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ọdún 1719 ni Daniel Defoe kọ ti Robinson Crusoe, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà nílé ìwé. Ohun tí tíṣà tèmi kò sọ fún mi ni ibi tí Crusoe ń lọ nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ fi fọ́. Bràsíìlì ló ti ń bọ̀, etíkun wa níhìn-ín ló ń bọ̀, ẹrú ló fẹ́ wá rà! Inú ìwé náà ló wà, kì í ṣe pé mo hùmọ̀ ọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú irú ìtàn wọ̀nyí ti ń fẹ́ kí ẹhànnà kan fara hàn ní ìdajì ọ̀nà, kó wá dẹ́rù bà wọ́n díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè tẹ̀ síwájú. Ti ọdún 1957 yìí kò tilẹ̀ wá èèyàn dúdú kan kó rí owó gbà níbẹ̀. Kúùkù Ítálì ni wọ́n fi dí i.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍṢẸ́ ỌWỌ́ RÍ

Kí ẹ má rò pé èmi nìkan ni mo ń ṣe lámèyítọ́. Káfíńtà wa wo ahéré tí Philip kọ́, ó ní irọ́ ni. Ó ní irú àdá wo ni wọ́n fi gé igi tó gún régé báyìí? Ta ló bá a gbé òpó dúró? Ó ní òun ti ń kọ́lé fún ogún ọdún ó lé, kò sí ọkùnrin kan tó ń jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀ tó lè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kí èékánná rẹ̀ má já. Ìyá ẹlẹ́ja ní tiwọn ń wá ẹ̀fọn. Wọ́n ní erékùṣù tí kò sí ẹ̀fọn, tí kò sí eṣinṣin, tí ẹni tó ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ kò rùn ẹja, wọ́n ní kí a júwe ibẹ̀ fún àwọn káwọn kó lọ.

Aránṣọ nìkan ló jàǹfààní. Gbogbo ìgbà tí Ava Gardner bá ti yọ, á ní ká dá a dúró. Ó sún mọ́ tẹlifísọ̀n, ó ń wo ojú rírán, ó ń wo bí wọ́n ṣe gé e ní ìbàdí. Ó ní ẹni tó rán èyí kò fi ẹ̀rọ sáré. Mo sọ fún un pé oṣù kẹwàá ọdún 1957 yẹn ni Dior kú, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí fíìmù jáde. Ó mirí, ó ní, "Ó ṣe o. Ọwọ́ ẹ̀ ò kú."

Ìyàlẹ́nu ni pé Ava Gardner fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn fíìmù yìí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ó hàn lójú rẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú lọ sí òde tí kò fẹ́ lọ, tó wá ń wo aago.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe irú ìtàn yìí, kó wá The Admirable Crichton. Ọdún 1957 yìí kan náà ló jáde, Kenneth More ló ṣe olórí òṣèré rẹ̀, Lewis Gilbert ló darí rẹ̀. Inú eré orí ìtàgé tí J. M. Barrie kọ lọ́dún 1902 ni wọ́n ti yọ ọ́. Olóyè òyìnbó kan, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, àti Crichton, ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, ni ọkọ̀ fọ́ mọ́ lórí. Nígbà tí wọ́n dé erékùṣù, olóyè ò mọ iná dá, àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ omi pọn. Ta ló mọ̀ ọ́n? Ọmọ ọ̀dọ̀! Kò pẹ́ tí Crichton fi di ọba erékùṣù, tí olóyè ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí ọmọ olóyè sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ tó wá gbà wọ́n là sì dé, Crichton lọ wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Káfíńtà wò ó lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ká tún un gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀rín náà tó ń gún èèyàn.

OHUN TÍ Ẹ̀GBỌ́N MI Ń WÁ

Mo ṣèlérí pé n ó sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà mí láyè pé kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, awakọ̀ akẹ́rù ni. Òkè Ọya ló ń ná. Ó lè lo oṣù kan lọ́hùn-ún. Bó bá dé, oorun ló ń sùn, tó bá jí, ẹ́ńjìnnì ló ń tú. Kò lu ìyàwó rẹ̀ rí, kò febi pa á rí. Kò kàn wò ó ni. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé nígbà kan, àwọn ń da gèlè tuntun bí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, bóyá á sọ̀rọ̀. Kò sọ̀rọ̀.

Oníbàárà kan wá wà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń rajà ní gbèsè tó sì ń san án pé. Bó bá wá sí ìsọ̀, á béèrè bí ara ṣe rí, á sì dúró gbọ́ èsì. Ìyẹn nìkan ló ṣe. Ó dúró gbọ́ èsì. Ọjà ti ń sọ ọ́ kiri kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ rárá. Àkókò yẹn gan-an ni ìwé tí wọ́n fi di ẹrù náà dé ọwọ́ wọn, tí wọ́n rí obìnrin òyìnbó yẹn láàárín ọkùnrin méjì, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é ni," báyìí ni wọ́n ṣe wí fún mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. "Ọjà ò sí níbẹ̀, ìyá ọkọ ò sí níbẹ̀, ọmọ ò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tí á bú u. Mo ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ á lè sọ ohun tó wà ní ikùn rẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ń béèrè nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá rí?"

Wọ́n ní, "Kí ni mo rí? Ṣé ìwọ ò wò ó ni? Ọkùnrin méjì ń pín obìnrin bí ẹni pín ẹran iléyá. Nígbà tí wọ́n sì ní kó sọ̀rọ̀, àwàdà ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Obìnrin náà fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ wo òun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Wọ́n rìn ín títí, ọkọ̀ fọ́, wọ́n kọ́ ahéré, kúùkù fi ìyẹ́ sórí, wọn ò jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ kan yẹn kí wọ́n gbọ́ ọ."

Mi ò lè jiyàn. Nínú gbogbo nǹkan tí àwọn tó mọ fíìmù ti kọ nípa The Little Hut, mi ò tíì rí èyí tó tó ìyẹn.

Mo bi wọ́n léèrè bí ọ̀rọ̀ oníbàárà yẹn ṣe já sí. Mo ti ń fẹ́ bèèrè láti ọdún yìí wá, ẹnu ò gbà mí. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní ọkùnrin náà san gbèsè rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, kò sì padà wá mọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá ẹnìkan ló bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ wọn ti Òkè Ọya dé lọ́sẹ̀ yẹn, ó sùn, ó jí, ó lọ tú ẹ́ńjìnnì. Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jọ gbé kó tó kú.

"Ó sì sọ nǹkan kan nígbà tó ń ṣàìsàn," wọ́n ní. "Ó ní gèlè aláwọ̀ omi aró kan tí mo máa ń wé láyé ọjọ́sí, ó ní ibo ló wọlẹ̀ sí. Àṣé ó rí i."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ tiyín o, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ọkọ yín ń lọ ìdálẹ̀, àti ẹ̀yin baba tó ń wakọ̀ tàbí tó ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ká ní ọkọ̀ gbé yín sí erékùṣù náà, kí lẹ máa kọ́kọ́ sọ fún ara yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a tẹ orúkọ òun, kó wí bẹ́ẹ̀, a ò ní tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo na ọwọ́ láti yọ díìsìkì náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní ṣebí ẹ ní kò dáa? Wọ́n ní kò dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n aránṣọ ń bọ̀ lọ́la. Aṣọ kan wà tí obìnrin yẹn wọ̀ tí àwọn méjèèjì fẹ́ tún wò dáadáa.